Ẹni Tó Bá Bẹ̀bẹ̀ Ti Jẹ̀bi

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Bàámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìrójú, ẹ kú àìgbọ́ ohùn mi láti ọdún tó kọjá. Ojú tó ń dùn yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti padà lọ rí dókítà, àbí ẹ ṣì ń sọ pé eruku sìmẹ́ńtì lásán ni?

Mo ti rí iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́. Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á, torí mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Níbí, ẹni tó bá fẹ́ ra ilé kì í kàn sanwó kó gba kọ́kọ́rọ́. Á kọ́kọ́ pe ẹnì kan tó máa bá a yẹ ilé náà wò láti òrùlé dé ìpìlẹ̀, bóyá òjò ń wọlé, bóyá wáyà ti jóná, bóyá ògiri ti sán. Ẹni náà á wá kọ gbogbo ohun tó bá rí sílẹ̀ fún olùrà. Ayẹléwò ni èmi ń pè é. Bàámi, ọmọ bíríkìlà ni mí. Inú ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán ni mo ti kọ́ ìrìn. Ta ló tún yẹ kó ṣe iṣẹ́ yìí bí kò ṣe èmi? Ibi ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì tí mo wà yìí, ooru ibẹ̀ ti fẹ́ sè mí jinná.

Owó ni ìṣòro. Owó ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀, owó ìdánwò lọ́tọ̀, owó àkàbà àti irinṣẹ́ lọ́tọ̀. Tí mo bá sì yege, owó ẹgbẹ́ ń dúró dè mí, torí pé bí orúkọ ẹgbẹ́ ò bá sí lórí ìwé èèyàn, kò sí ejẹ́ńtì ilé tó máa júwe rẹ̀ fún olùrà. Bí ẹnì kan bá sín níbẹ̀, ó dá mi lójú pé wọ́n á ní kó sanwó ẹ̀. Èyí tí mo ti kó jọ kò tó ìdajì. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n tún máa bèèrè lọ́wọ́ yín. Mo ń bèèrè.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì

Ìyá mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ara mi le. Ní ti ojú, mo ṣì ń fi mọ ògiri tó wọ́, ìyẹn sì tó mi.

Mo rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Kí èèyàn káwọ́ sẹ́yìn wọ ilé tí ẹlòmíì fi agbára rẹ̀ kọ́, kó máa ka àbùkù ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tún sanwó fún un! Ìyá ìyá rẹ ṣe iṣẹ́ yẹn nínú ilé mi títí ọlọ́jọ́ fi dé, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ibi tí o ti ní wọ́n ní ẹgbẹ́, ọkàn mi balẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí jẹ alága ẹgbẹ́ bíríkìlà, mo ti rí i pé ẹni tí ẹgbẹ́ bá dúró tì, òjò kì í pa á. Nítorí náà mo ta ẹ̀rọ tí mo fi ń po kọnkéré. Má figbe ta. Irin ni. Ọwọ́ la fi ń pò ó kí irin tó dé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ló bá mi fi owó náà ránṣẹ́.

Nígbà tí o bá rí ọ̀gá tí o máa kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́. Bàbá kì í fi ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tí kò kí. Kí o sì máa kọ̀wé. Bí owó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó ń mú ọ rántí mi, jẹ́ kó máa tètè tán.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ

Bàámi mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òógùn. Mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi pípẹ́. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ nípa ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo jókòó sí tí mo ti sunkún, torí pé ariwo ibẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti sọ fún ara mi pé mi ò ní kọ̀wé sí yín láìjẹ́ pé ìròyìn ayọ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Ó ti wà báyìí. Mo yege ìdánwò! Ẹgbẹ́ ti gbà mí wọlé, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀yìn ni wọ́n gbà mí sí. Mo gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé àgbà kan nínú ẹgbẹ́ láti ilé dé ilé, títí yóò fi fọwọ́ síwèé pé iṣẹ́ ti yé mi. Ilé kọ̀ọ̀kan tí mo bá bá a lọ, èmi ni mò ń sanwó fún un. Èmi ni mò ń gun òrùlé, èmi ni mò ń fàyà fà lábẹ́ ilẹ̀ pákó tí aláǹtakùn ń ṣe ìpàdé, èmi náà ni mo tún ń sanwó. Ẹ bá mi bi ẹgbẹ́ yín bóyá wọ́n gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ọ̀gá Tọ́ọ̀ṣì ni mò ń pè é nínú ọkàn mi. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gùn bí apá, òun ló fi ń nàka sí èèyàn, kódà lọ́sàn-án gangan. Ṣùgbọ́n ó mọṣẹ́. Ilé àkọ́kọ́ tí a wọ̀, ó gbọ́ òórùn, ó ní, “Igi ti jẹrà lẹ́yìn báàfù yìí.” A tú u, igi náà rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ẹ bá mi kí i dáadáa.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹwàá

Ìyá mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ tayọ̀tayọ̀. Akọ̀wé ti bá mi fi èdè ìlú tí o wà kọ ìwé ìkíni sí ọ̀gá rẹ. Ní ti owó tí ò ń san fún un, fara dà á. Ọmọ ẹ̀yìn kì í yan bí wọ́n ṣe máa rán an níṣẹ́.

Ṣọ́bìrì ti mú mi ní ìbàdí díẹ̀. Má fọkàn sí i. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tí yóò fọwọ́ síwèé, torí mo ti sọ ọ́ nípàdé, wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́. Bí mo bá ń kọjá báyìí, wọ́n á ní, “Bàbá Ayẹléwò!” Má jẹ́ kí wọ́n yí orúkọ náà padà sí yẹ̀yẹ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá

Bàámi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yìí dé òpin kí ẹ tó bínú.

Ilé bíríkì kan wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà kan tó dà gẹ̀rẹ̀. Tọkọtaya kan ló fẹ́ rà á, ìyá ọkọ ni yóò máa sùn ní yàrá ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ oníná gáàsì tó ń mú ilé móoru wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn ògiri yàrá náà. Mo yọjú wò ó. Páìpù tó yẹ kó gbé èéfín rẹ̀ jáde ti yẹ̀ kúrò lóríkèé. Ẹnì kan ti fi téèpù wé e, téèpù náà ti gbẹ, ó ti ṣí. Èéfín yẹn, Bàámi, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹni tí èéfín náà ń pa lọ á rò pé oorun ló ń kun òun.

Mo pe Ọ̀gá. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó pa á.

“Kọ ọ́ pé kí wọ́n pe ẹni tó máa wò ó nígbà tí àyè bá yọ.”

Mo ní, “Ọ̀gá, ìyá arúgbó ló máa sùn lẹ́yìn ògiri yìí.”

Ó ní, “Ejẹ́ńtì tó pè wá síbí ló ń pè wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí o bá ba ọjà rẹ̀ jẹ́, ṣé bàbá rẹ tó ń kọ̀wé kí mi ló máa wá pè wá?”

Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kí wọ́n má tan ẹ̀rọ náà rárá. Ó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé kó tó fi ránṣẹ́ sí olùrà. Nígbà tí mo bi í nínú mọ́tò, ó páàkì sẹ́bàá títì, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, tèmi ti àkàbà mi. Mo ru àkàbà la ìlú já. Gbogbo èèyàn ń yà fún mi bí ẹni pé mo ru òkú.

Mi ò mọ ibi tí àwọn olùrà ń gbé. Ejẹ́ńtì ló wà láàárín, kò sì fún mi ní nọ́ńbà wọn. Mo padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilé ṣófo, mo kọ ọ̀rọ̀ sínú pépà, mo ti í sábẹ́ ilẹ̀kùn. Ejẹ́ńtì ló rí i. Òun àti Ọ̀gá ti fi mí sun ẹgbẹ́ pé mo gba ẹ̀yìn ọ̀gá mi lọ bá oníbàárà.

Ẹ bá mi sọ̀rọ̀, Bàámi. Ẹ sọ pé mo ṣe dáadáa.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kejìlá

Ìyá mi,

Mo ka ìwé rẹ, mo tún un kà.

Kò sí ọ̀gá tí kì í lé ọmọ ẹ̀yìn. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ da kọnkéré tútù sí mi lẹ́sẹ̀ torí mo ní ìlà rẹ̀ wọ́. Ìlà náà wọ́. Mo fọ ẹsẹ̀ mi, mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ilé rẹ̀. Ohun tí mo fi di ẹni tí ò ń pè ní Bàámi lónìí nìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe. Bí o bá gbọ́n ju ọ̀gá lọ, fi ọgbọ́n náà sápò títí yóò fi fọwọ́ síwèé. Lẹ́yìn náà, kí o máa kọ gàdàgbà bó ṣe wù ọ́.

Má rò pé n kò gbà ọ́ gbọ́. Mo mọ páìpù, mo mọ èéfín. N kò bi ọ́ bóyá òtítọ́ lo sọ. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé, ṣé o ti kúnlẹ̀?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kìíní

Bàámi,

Mo kí yín.

Rárá, mi ò kúnlẹ̀. Mi ò sì ní kúnlẹ̀. Ọdún mélòó ni ẹ ti ń sọ fún mi pé ògiri kì í bẹ ẹnikẹ́ni, tó bá wọ́, ó wọ́? Àbí bíríkì nìkan lọ̀rọ̀ yẹn wà fún?

Èmi náà ti fi Ọ̀gá sun ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí n sanwó ìjókòó kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu mi, mo san án. Mo ti padà sídìí ìfọṣọ. Oṣù kẹta ni wọ́n máa pè wá. Àwọn fótò tí mo yà wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàámi, ẹ má dá sí i. Ẹ kàn dúró tì mí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì

Ìyá mi, oníjà,

Jẹ́ kí inú rẹ rọ̀. Kí ìwé rẹ tó dé ni mo ti bá ọ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Bí ọmọ kò bá lè kúnlẹ̀, bàbá rẹ̀ á bá a kúnlẹ̀. Akọ̀wé bá mi kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ, ó kọ ọ́ dáadáa, ó dùn ún kà. A ní ọmọdé ló ń ṣe ọ́. A ní o kò wo páìpù náà dáadáa, pé ojú rẹ ló tàn ọ́ jẹ, pé o ti mọ̀ pé o ṣẹ̀. A ní kó fi ti bàbá rẹ ṣe, kó gbàgbé ohun gbogbo tí o ní o rí. Mo fi òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wa lù ú nísàlẹ̀, kó lè mọ̀ pé àgbà ló ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ta ni kì í sọ ọ́? Wàá rí i, kò ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí yóò fi pè ọ́. Bó bá pè ọ́, má fajú ro.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Bàámi,

Ẹ kú ilé.

Wọ́n ra ilé náà. Wọ́n kó wọ ibẹ̀, òtútù dé, wọ́n tan ẹ̀rọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó ilé gbé tíì lọ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò kú. Wọ́n ní kò kú.

Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ pè wá, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti pépà abẹ́ ilẹ̀kùn. Ta ló yẹ ẹ̀rọ náà wò ni wọ́n ń bèèrè. Ọ̀gá ní èmi ni. Òótọ́ ni, èmi ni. Mo kó fótò mi síta. Ó ní lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo padà lọ yà á, ṣebí wọ́n mọ̀ pé mo padà lọ síbẹ̀. Ejẹ́ńtì ní òun gbàgbé ohun tó wà nínú pépà náà. Ọ̀gá wá mú ìwé yín jáde.

Wọ́n kà á sókè, Bàámi. Yàrá ńlá ni, kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, fótò àwọn tó ti jẹ alága wọn wà yí ògiri ká. Omi ń jò lókè orí wọn, ó ti ya àwòrán bíi máàpù sára àjà. Nínú gbogbo ayẹléwò tó jókòó síbẹ̀, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gbójú sókè.

Obìnrin kan lára àwọn àgbà ẹgbẹ́, tó wọ awò ojú, bi mí, “Ṣé ìwé bàbá rẹ nìyí?”

Mo ní, “Òun ni.”

“Ó kọ ọ́ síbí pé o kò wò ó dáadáa, àti pé o ti mọ̀ pé o ṣẹ̀. Ṣé bàbá rẹ máa ń parọ́ ni?”

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ọmọ olóògbé, ìyàwó ilé yẹn, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, wọ́n yíjú sí mi. Ẹ wò ó, mo ti kọ olóògbé, ìyá náà ṣì wà láàyè. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀bẹ̀ ni, pé níbi tí mo ti wá, ẹni tó kéré ló ń bẹ̀bẹ̀, ì báà jẹ̀bi, ì báà jàre. Obìnrin náà bọ́ awò rẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàánú mi, ó ní, “Níbí, ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ ti jẹ̀bi.”

Wọ́n ti pa orúkọ mi rẹ́ nínú ìwé ẹgbẹ́. Ọ̀gá Tọ́ọ̀ṣì ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ bá a lóòótọ́. Ìwé tó ní òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ yín ló dì í mú, tí irọ́ fi rọ́nà lọ.

Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ dúró tì mí.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún

Ìyá mi, ọmọ mi,

Báwo ni mo ṣe máa kí ọ? N kò mọ̀ ọ́n kí mọ́.

Ẹyin lohùn. Mo mọ òwe yẹn kí wọ́n tó bí ọ, èmi náà ni mo tún sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Mo rò pé ibi gbogbo ni ẹgbẹ́ ti ń jẹ́ ẹgbẹ́. Mo rò pé bí àgbà bá bẹ àgbà, ó parí.

Akọ̀wé ti ṣe tán. Sọ fún mi ẹni tí a máa kọ̀wé sí, a ó kọ ọ́ pé irọ́ ni mo pa, èmi, kì í ṣe ìwọ. N óò fọwọ́ sí i. N óò tẹ ìka sí i. Ṣáà dá mi lóhùn.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje

Ìyá mi,

N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo bi ẹni tó ń pín lẹ́tà títí ó fi ń gba ọ̀nà mìíràn kọjá.

Bú mi. Kó èébú sínú ìwé, n óò kà á. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni n kò lè kà.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá

Bàámi,

Ẹ kú ilé. Gbogbo ìwé yín dé. Mo kà wọ́n.

Mo lọ wo ìyá náà ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ mí. Ó ní, “Bàbá rẹ ní o kò wò ó dáadáa.” Mo lè sọ fún un pé bàbá mi parọ́. Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì, mo wolẹ̀. Ó dúró tì mí títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó yà lọ́nà fún mi.

Yàrá náà mọ́, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Ọwọ́ ìyá náà ń gbọ̀n, kò mọ ọjọ́, kò mọ ọdún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń pè mí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó bi mí pé, “Ilé tí wọ́n fẹ́ kó mi lọ yẹn, ṣé ó dára?”

Mo ní, “Kò dára, Ìyá. Ẹ má lọ.”

Ó ní, “O ṣeun. Ìwọ nìkan lo sọ fún mi.”

Bàámi, ẹgbẹ́ kọ̀wé pé tí mo bá fẹ́, mo lè tún bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, kí n tún san gbogbo owó náà lọ́tun. Mo fa ìwé náà ya. Ẹ má ta nǹkan kan. Ẹ má kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, kí Akọ̀wé náà jẹ́ kí bíírò rẹ̀ sinmi.

Inú ń bí mi. Ó ń bí mi láàárọ̀ bí mo bá jí, ó ń bí mi bí mo bá ń ká aṣọ. Ẹ má bẹ̀ mí mọ́. Bí ẹ bá tún bẹ̀ mí, n óò ní mo ti gbà, torí pé bàbá mi ni yín, mi ò lè jẹ́ kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún mi. Irọ́ sì ni yóò jẹ́, irọ́ bíi ti ìwé yẹn, kálukú wa á wá ní tirẹ̀ lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ fúnra rẹ̀, bó bá máa rọ̀.

Ẹ má fèsì sí èyí. Nígbà tí ẹ bá tún rí ìwé mi, ẹ ó mọ̀ pé òótọ́ ló wà níbẹ̀.

Ọmọ yín ni mí, mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.